Akẹ́rù Èkó sí Iléṣà: máàkì 64 ni mo fún wọn

Aláṣọ tó bá wà ní Iléṣà tí kò fẹ́ máa wọ bọ́ọ̀sì Èkó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àfi kó ní akẹ́rù tó ṣe é fọkàn tán. Èyí tí èmi ń lò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí màá bú wọn díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tán, mo sì fẹ́ kí wọ́n ṣì máa gba ẹrù mi. Ìtàn ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, kí n tó gba ìsọ̀ nínú ọjà Atákúnmọ́sà. Ìyẹn ni àwọn oníbàárà fi ń pè mí ní Tíṣà Aláṣọ. Ẹ má bínú, máàkì ni màá fún wọn, kì í ṣe ìràwọ̀ márùn-ún tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fún gbogbo nǹkan.

Bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyí. Ọlọ́jà mi ní Balógun á fi fídíò aṣọ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, màá yan èyí tó wù mí, màá sanwó lórí fóònù. Alábàárù á gbé bélì náà láti ìsọ̀ dé ọ́fíìsì akẹ́rù ní Ìdúmọ̀tà. Akọ̀wé ibẹ̀ á fi máákà kọ orúkọ àti nọ́ńbà mi sára rẹ̀, á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú risíìtì. Bọ́ọ̀sì á ṣí nírọ̀lẹ́. Kí ọjà tó kún lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti pè mí pé kí n wá gbé ẹrù. Báàgì Ghana-Must-Go tó mọ níwọ̀n, ₦4,000. Bélì tí ọkùnrin méjì ń gbé, ₦9,000, á di ₦10,000 bí epo bá wọ́n. Owó alábàárù kò sí nínú rẹ̀ o. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òwò kì í rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò èrè, owó náà á sì wá jẹ èrè ọ̀hún tán.

Ibi tí wọ́n ti gba máàkì jù lọ́wọ́ mi ni ẹ̀ka Èkó, àní ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni akọ̀wé náà. Bàbá rẹ̀ ló kúrò ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Èkó, òun sì dàgbà sí Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó ní Sùúrùlérè. Bí mo bá pè é, Ìjẹ̀ṣà ló fi ń dá mi lóhùn, á kí mi, á kí ilé, á kí ọjà. Bó bá yíjú sí ọlọ́jà tó kó ẹrù wá, Ìgbò ni yóò sọ. Bí inú bá ń bí alábàárù pé owó òun kò pé, Hausa ló fi ń pẹ̀tù sí i. Mo ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìpè kan náà. Bí ẹrù kò bá bá ìwé mu, á pè mí kó tó gbé e sọ́kọ̀: "Mọ́mì, wọ́n ní yáàdì márùn-ún márùn-ún lẹ rà, èyí tí mò ń wò yìí kò pé bẹ́ẹ̀." Ó ti tipa bẹ́ẹ̀ yọ mí nínú àdánù, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú risíìtì pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìlú tí àwọn àjèjì ti wá jókòó ti ara wọn ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti ń jáde. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ máa ń kọ ọ́ sínú ìdánwò pé òkun ló sọ Èkó di ńlá, mo sì máa ń fa bírò pupa sí i. Badagry náà wà létí omi. Ẹnu òkun ti Èkó gan-an kò tilẹ̀ sunwọ̀n láyé àtijọ́: yanrìn dí i, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé, ìta ni wọ́n ń dúró sí tí ọkọ̀ kékeré á máa já ẹrù wọn. Ọ̀pọ̀ ẹrù ní láti yí gba Forcados. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó to òkúta wọ inú òkun kí yanrìn lè dúró sí apá kan. Ọkọ̀ ojú irin ló kó òkúta náà láti Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. (Òkúta yìí kan náà ló jẹ́ kí òkun máa jẹ ilẹ̀ Bar Beach lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Kí wọ́n tó ju òkúta kankan sómi, àwọn ènìyàn ti dé. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú àti àwọn ọmọ wọn, ti ń bọ̀ láti Freetown láti nǹkan bíi 1839. Àwọn Àgùdà, tí àwọn náà ti oko ẹrú dé, ń bọ̀ láti Bùràsíìlì àti Kúbà, bíríkìlà àti káfíńtà sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí rògbòdìyàn Ìfọ́lé lé àwọn onígbàgbọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867, Èkó àti Ẹ̀búté-Mẹ́ta ni wọ́n sá sí. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe dà pọ̀, kó yà wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894: owó oníṣòwò Sàró, ọwọ́ bíríkìlà Àgùdà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Kórà, ìyẹn àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù àti Síríà, wá ta aṣọ, lẹ́yìn náà ni àwọn Ìgbò tó kún Balógun lónìí. Kò sí ẹni tó kó wọn jọ. Ọjà ló pè wọ́n, wọ́n dé, wọ́n tún sọ ọjà náà di ńlá sí i.

Àwa ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká náà kò gbẹ́yìn. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń gbé Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Ògèdèngbé àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ìbàdàn tí à ń bá jà, pẹ̀lú Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tó máa ń ti ọ̀nà, ló wà lójú ọ̀nà tó yá jù. Ọ̀nà Oǹdó tí Gómìnà Glover ṣí ní nǹkan bíi 1872 ló wá gbà wá: ẹrù á gba orí ọ̀sà, á wọ igbó Oǹdó, á gba Òkè-Igbó kó tó dé ilé. Lójú tèmi, wébìlì Èkó sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó kọ́kọ́ lókìkí nìyẹn, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ akẹ́rù bí wọ́n bá ń ṣàròyé pé ọ̀nà jìn. Oníṣòwò Èkó kan, Frederick Kúmókun Haastrup, padà wálé ó di Ọwá Ajímókò Kìíní ní 1896, ó sì wà lára àwọn tó gbé kòkó lárugẹ níbí. Kòkó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté, aṣọ ń gòkè bọ̀.

Rélùwéè kò gba Iléṣà. Òṣogbo ló dé ní 1907, ibẹ̀ náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kó ọjà sí, Òṣogbo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú lójú wa báyìí. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn Òṣómàáló tó ń lọ gba aṣọ níbẹ̀, tí wọ́n ń rù ú wọ ilẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà lọ gba owó nígbà tí kòkó bá jáde. Òun ni ọlọ́jà, òun ni akẹ́rù, òun náà ni agbowó. Bí mo bá san ₦9,000 lórí bélì kan, ọrùn bàbá yẹn ni mò ń rántí, ọkàn mi á sì balẹ̀ díẹ̀.

Aṣọ tí mò ń tà lónìí ti jìnnà sí tirẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù, Ṣáínà ló ti wá. Ṣùgbọ́n ojúlówó léèsì tí àwọn ìyàwó olóyè ń béèrè bí ọdún Ìwúde wa bá kù fẹ́ẹ́fẹ́, láti Austria ni, láti Lustenau, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Rhine tí kò mọ òkun rárá. Àwa Yorùbá wà lára àwọn tó sọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ìlú náà di òwò ńlá. Nígbà tí ìjọba wa fòfin de aṣọ òkèèrè, ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni yé wọ léèsì níbi òkú àgbà. Kútọnu ló jẹ̀gbádùn rẹ̀: aṣọ gúnlẹ̀ sí èbúté wọn, ó sì gba Sẹ̀mẹ́ àti ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé. Títí di ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ ohun tó ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu, Nàìjíríà ló ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹkún fi sọ níbẹ̀ nígbà tí ìjọba wa ti bodè ní oṣù kẹjọ 2019, tí kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Lomé náà, ankara ló gbé e níyì: àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ló ń gba aṣọ àwọn ará Hóláńdì ní èbúté, tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ń lọ rà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo orúkọ yẹn, ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Ọ̀kadà lèmi ń gùn lọ sí ìsọ̀ tèmi.

Kọ̀ǹténà kì í dé Iléṣà. Ó ń jáde ní Àpápá tàbí Tin Can, á gba títì Oṣòdì, á kọjá níbi ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìjẹ̀ṣà gan-an, a ò sì ní rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní láti tú u ní Èkó, kí ọlọ́jà tó pín in sí bélì, kí bélì tó di báàgì. Bí iwájú bá dí, ẹ̀yìn ló ń sanwó rẹ̀. Ìtàn sìmẹ́ńtì ọdún 1975 ni mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ: ìjọba ra nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì, èbúté Èkó kò sì lè já ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sójú omi, sìmẹ́ńtì ń gan nínú wọn. Ìyẹn wà lára ohun tó mú wọn sáré kọ́ èbúté Tin Can, tó ṣí ní 1977. Ní àìpẹ́ yìí, orí ilẹ̀ ni ìlà náà wà: àwọn tírélà ń sun ojú títì Àpápá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, títí àwọn aláṣẹ èbúté fi mú ètò orí fóònù tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀tò wọlé ní oṣù kejì 2021, kí ọkọ̀ má baà jáde àfi bí wọ́n bá pè é. Nígbà tí ìlà náà le jù, ọlọ́jà mi á kàn sọ pé, "Tíṣà, kọ̀ǹténà kò tíì jáde," owó aṣọ á sì gòkè kí n tó fèsì. N kò lè bu máàkì akẹ́rù mi nítorí ìyẹn. N kò sì lè bù ú nítorí kòtò tó wà láàárín Ìbàdàn, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ìjọba ló ni ìyẹn.

Ohun tí màá bu máàkì fún nìyí. Tapólì wọn ti gbó. Léèsì funfun tí ìyá ìyàwó kan ti sanwó ìdajì lé lórí bọ́ sínú òjò lọ́nà, ó dé pẹ̀lú àmì ìpẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé e lọ bá wọn. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà ní ọ́fíìsì Iléṣà yí risíìtì padà, ó fi èékánná tọ́ka sí ìlà wíntínwíntín kan nísàlẹ̀: ẹrù tó bá bàjẹ́, ti ẹlẹ́rù ni. Kò kúnlẹ̀, kò ní "ẹ má bínú, Mọ́mì," ó tún ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ọ̀gá rẹ̀ ló pè mí lálẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó sì gbé báàgì kan fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kì í fọ léèsì. Owó ìsùn tún wà. Ẹrù tó bá sun ọ́fíìsì wọn lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ₦500 lójúmọ́. N kò ní ìṣòro pẹ̀lú ìyẹn, àyè wọn kéré. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n máa ń ka ọjọ́ Ìsinmi mọ́ ọn, nígbà tí àwọn fúnra wọn ti ilẹ̀kùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Dírẹ́bà èrò á gba ẹrù yín ní Berger fún nǹkan bí ìdajì owó yẹn, kò sì ní fún yín ní ìwé kankan. Bí ó bá sọ pé òun kò gbà á, ọ̀dọ̀ ta lẹ fẹ́ gbé ẹjọ́ lọ? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní áàpù lórí fóònù dára fún ìwé àti fóònù, owó wọn kò ṣe é san lórí bélì. Ní oṣù kejìlá, àwa aláṣọ kan máa ń dáwó jọ gba ọkọ̀ kan, ìyẹn ló wọ́n mọ níwọ̀n jù, ṣùgbọ́n àfi kí gbogbo wa rajà lọ́jọ́ kan náà, ẹ sì mọ bí obìnrin ọjà ṣe ń ṣe.

Mo bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ nípa Lẹ́kí. Èbúté tuntun tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní oṣù kìíní 2023 jìn ju Àpápá lọ, ọkọ̀ tó tóbi jù ń wọ ibẹ̀. Mo ní ṣé kò lè máa kó ẹrù láti ibẹ̀ gba Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde, Orẹ̀ àti Oǹdó wọ Iléṣà, kó má tilẹ̀ yọjú sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó mọ́, kó jẹ́ bí ẹni pé a padà sí ọ̀nà Glover. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ta ló wà níbẹ̀ tó fẹ́ tú kọ̀ǹténà tà fún yín ní báàgì kan báàgì kan? Bí àwọn ọlọ́jà bá lọ, màá tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ kejì." N kò rí èsì fún un. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé jíjìn omi ni yóò sọ ibi tí aṣọ yóò gbà. Ọ̀gbẹ́ni yìí, tí kò parí girama, ti mọ̀ pé ibi tí akọ̀wé rẹ̀ bá ti lè rí Ìgbò, Hausa àti Ìjẹ̀ṣà bá sọ̀rọ̀ lórí ìpè kan ni òun máa wà.

Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n, kí ó jẹ́ kí ẹrù dé Ìdúmọ̀tà kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọ̀la. Ẹ má fi ẹrù ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, àgbò ló ń gba àyè ọkọ̀. Ankara àti gíníì kò léwu. Léèsì funfun, ẹ ní kí ọlọ́jà kọ́kọ́ fi ọ̀rá nípọn wé e, kó lẹ̀ ẹ́ pa, kó tó kì í bọ báàgì. ₦300 ni ọ̀rá náà. Bí wọ́n bá ra tapólì tuntun, màá gbé wọn sí 75. Ọmọbìnrin oníṣingọ́ọ̀mù yẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n dé 80.